Òwú Pupa Tí Kò Sí Lára Ọ̀já

Ọkùnrin kan wà tí abẹ́rẹ́ máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Télọ̀ ni. Bí aṣọ bá ya ní ibi tó burú jù, tí wọ́n gbé e fún un ní àárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ni aṣọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí yóò máa wá ibi tó ti ya. Nígbà kan, ní ìlú ńlá, àwọn ìyàwó tuntun a máa tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ti rán kalẹ̀ láti òkè òkun gba ọjà, ẹni tó ń wá télọ̀ ń dín kù, títí ó fi di ọjọ́ kan tí kò rí aṣọ kankan rán mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó padà sí ìlú bàbá rẹ̀.

Ìlú náà kò tóbi. Ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, odò kékeré kan sì gba àárín rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan wà níbẹ̀ rí. Nígbà tó kógbá sílé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jókòó sílé pẹ́ títí. Ní àkókò kan náà, odò yẹn ń kún. Kì í ṣe omi ló ń kún un. Àkísà ni, àti bàtà, àti àpò, àti ìkòkò tó ń jò, gbogbo ohun tí aráàlú ń dà sínú rẹ̀. Bí òjò bá sì ti rọ̀, omi a wọ ilé àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò.

Àwọn kan lára àwọn aláìníṣẹ́ wọ̀nyí wo odò náà, wọ́n sì wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nù yìí náà ló ti kú? Àwa náà rèé o, wọ́n sọ wá nù, a ò sì tíì kú."

Wọ́n gba ilé kòkó àtijọ́ kan tó ti ṣófo, wọ́n gbá a, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlòkù lọ́wọ́ aráàlú. Ẹni tó mọ bàtà ń tún bàtà ṣe. Ẹni tó mọ fáànù ń tú fáànù. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń tà á fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká tuntun. Kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ránṣọ ló ni ín, wọ́n sì jọ ń pín ohun tó bá wọlé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá délẹ̀, wọ́n á jókòó sórí àpò kòkó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á sọ ọ́ títí ẹnu wọn á fi kò.

Wọ́n gba télọ̀ yìí mọ́ra. Wọ́n fún un ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀. Ara tù ú. Ó ti pẹ́ tó ti jí ní àárọ̀ tó sì ní ibi kan pàtó tó ń lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kò bá a lára mu. Òwú pupa ni.

Ìyá Fọláwẹ̀, obìnrin àgbà tó ń yẹ ẹrù wò ní ẹnu ọ̀nà, ló mú àṣà náà wá láti ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ. Níbẹ̀, bí òwú bá já lórí ẹ̀rọ, wọn a máa so òwú pupa mọ́ etí aṣọ ní ọ̀gangan ibẹ̀, kí ẹni tí yóò gé aṣọ lè mọ ibi tí àléébù wà. Nítorí náà, ní ilé kòkó, ohunkóhun tó bá ti ya, òwú pupa ni wọ́n fi ń rán an. Ìbáà jẹ́ bàtà, ìbáà jẹ́ àpò, ìbáà jẹ́ agbádá olóyè. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá wọ ṣòkòtò tí pupa wà ní orúnkún rẹ̀, wọ́n á ní, "Ilé kòkó ti jẹ́rìí sí i."

Télọ̀ kò lè fara mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, ṣe ni wọ́n ní kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àbùkù sára iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Fọláwẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi òwú tó bá aṣọ mu rán èyí. Ẹ ò ní rí ojú ibẹ̀ rárá."

"Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Bí èmi tí mo mọ̀ ọ́n ò bá rí i, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Ó ti san, Ìyá. Kí ni wọ́n tún fẹ́ rí níbẹ̀?"

"Bó bá ti san, kí ló ń tì ọ́ lójú?"

Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe bú sẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́ rẹ̀. "Télọ̀, fi wá sílẹ̀ jàre. Bàtà tí mo tà lánàá, pupa ara rẹ̀ ju dúdú lọ. Ẹni tó rà á ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òun á rò pé òun ti di bíṣọ́ọ̀bù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ki òwú pupa bọ abẹ́rẹ́.

Ó di ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ránṣọ ní ìlú ńlá wá bá ẹbí rẹ̀ ṣe ìsìnkú ní ìlú náà. Ó yà wọ ilé kòkó. Ó mú bùbá kan lórí ìfikọ́, ó wo abẹ́ apá rẹ̀.

"Àgbà télọ̀! Àbí ọwọ́ rẹ ló rán èyí ni? Mo rò pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló ṣi òwú mú."

Kò ní in lọ́kàn láti dunni. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu télọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gbójú sókè, pupa ló ń rí.

Ní ọjọ́ kejì, ó mú bùbá léèsì kan tó ti ya, ó wo ẹ̀yìn, kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó mú òwú tó bá a mu. Nígbà tó ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ ní láti fi ọwọ́ wá ojú ibẹ̀. Ó gbé e kọ́. Oòrùn kò tíì dé àtàrí tí obìnrin kan ti rà á, tó ń yìn ín lọ. Inú télọ̀ dùn bí inú ẹni tí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà fún. Láti ọjọ́ náà, bí èyí tó wù ú bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ṣe ló ń rán an láìfi pupa sí i. Àwọn yòókù rò pé ẹrù rere ló ń wọlé lákòókò náà.

Lẹ́yìn náà, ọ̀já alárán kan dé. Àrán rẹ̀ ṣì ń dán, wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí i létí, ṣùgbọ́n ó ti fàya ní ìsúnmọ́ ẹnu rẹ̀ kan. Ìyá Fọláwẹ̀ gbà á pọ̀ mọ́ ẹrù tó kún inú àpò, ó sì tì í sí ìdí ẹ̀rọ télọ̀. Iṣẹ́ tó le ni àrán, nítorí irun rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ bá gbà. Télọ̀ rán an láti inú, ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá irun náà bo ojú ibẹ̀. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe láyé, bóyá ni ó ti ṣe èyí tó dára tó o.

Obìnrin tó rà á jẹ́ ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìdíkọ̀ ojú irin. Ọmọ àkọ́bí rẹ̀ ló pọ̀n wá, ọ̀já tó fi gbà á ti gbó di okùn. Ó gbé ọ̀já alárán náà lọ sí ẹ̀bá fèrèsé. Ó wo ojú rẹ̀, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fi ìka tọ etí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Télọ̀ mọ ohun tó ń wá.

"Ọ̀gá télọ̀, kò sí pupa kankan lára rẹ̀ o!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni télọ̀ wí. Òótọ́ sì ni. Kò sí pupa.

"Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan! Èyí tó pé pérépéré ni mo bá pàdé."

Ibẹ̀ náà ló ti tú ti àtijọ́ kúrò, tó tún ọmọ pọ̀n, tó fi tuntun gbà á. Ó fà á le níwájú, ó so ó ní kókó. Télọ̀ rí i pé ibi tí òun rán gan-an ló bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kókó náà, níbi tí gbogbo ìwọ̀n ọmọ wà. Ó la ẹnu. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń dúpẹ́. Télọ̀ pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí òun bá rán kì í tú.

Lóòótọ́, òwú rẹ̀ kò tú. Aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú náà ni kò lágbára mọ́. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ ojú irin dé, tí àwọn èrò ń pe oníbúrẹ́dì, obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ láti gbé igbá rẹ̀, ọ̀já náà já, ọmọ yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀bá ojú irin. Egungun apá rẹ̀ ṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ti tọ́jú ọmọ náà ní ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ wá sí ilé kòkó. Ó ju ọ̀já náà sórí tábìlì. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí èpè. Kò gbé wọn ṣépè.

"Ẹ má rò pé torí pé ó já ni mo ṣe wá. Àlòkù ni mo rà, mo mọ̀. Kí ni kì í já? Ṣùgbọ́n mo wá pupa lára rẹ̀, n ò rí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ibi tí pupa ò bá sí, ibẹ̀ yè. Ká ní mo rí i ni, ṣé apá ibẹ̀ ni n bá so ní kókó? Ǹ bá ti ṣẹ́ ẹ po sẹ́yìn. Mo gbà yín gbọ́, ọmọ mi ló fara gbá a."

Ó jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kárí ìdíkọ̀, ó kárí ọjà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilé kòkó sílẹ̀. Àwọn tó máa ń kó ẹrù wọn wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà odò lọ. Télọ̀ ń rán aṣọ pẹ̀lú orí tó tẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n jókòó. Ìyá Fọláwẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ yẹra fún mi. Èmi ni mo gba ọ̀já yẹn wọlé. Ó ní láti jẹ́ pé ibì kan ti gbó lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà tí ojú mi fò ó. Ojú mi kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Ẹni tí kò ríran kò yẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé."

Kò sí ẹni tó ní kó má lọ. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ń wo ilẹ̀. Obìnrin tó ń fọṣọ ń fi ìka yí etí ìró rẹ̀. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ìyá Fọláwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ iṣẹ́ tó so mọ́ ìbàdí.

Télọ̀ mọ̀ pé kò sí ẹlòmíì láyé tó mọ ohun tí òun ṣe. Ọ̀já ti já ní ẹ̀bá ojú ìránṣọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè rí ojú ìránṣọ náà. Bí òun bá dákẹ́, ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ ni yóò wà, lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí òun tún gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀, kò sì sí ìlú bàbá mìíràn tí òun yóò gbé e lọ. Ó ń wo ọwọ́ Ìyá àgbà náà tó ń fa kókó tí kò fẹ́ tú.

"Ìyá, ẹ jókòó," ni ó wí. "Ó ti ya kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni mo rán an. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fi pupa sí i. Òun nìkan kọ́ sì ni."

Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe fò dìde.

"Ìwọ! O jókòó síbẹ̀, o ń wo ìyá yìí tó ń tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀! Kí ló dé tí o ò kúkú ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ dání fún ọ?"

"Kó máa lọ!" ni obìnrin tó ń fọṣọ wí. "Kó kó ẹrù rẹ̀ jáde!"

Ìyá Fọláwẹ̀ kò tíì jókòó. Ó kọjú sí télọ̀. "Àwa kọ́ ni o kọ́kọ́ ṣẹ̀," ni ó wí. "Mú ọ̀já yẹn. Lọ bá obìnrin náà nílé, kí o sọ ohun tí o sọ fún wa yìí fún un. Bí o bá dé, a ó mọ ohun tí a ó ṣe."

Télọ̀ lọ. Ó bá obìnrin náà lójúde, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti di apá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ pé òun rí ibi tó so kókó sí lọ́jọ́ náà, tí òun la ẹnu, tí òun sì pa á dé.

"Ẹ dìde," ni obìnrin náà wí. "Òwú pupa wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà."

"Ẹ rán an níbí, lójú mi."

Ó jókòó sórí àpótí, ó rán an. Ojú ìránṣọ rẹ̀ tóbi, ó wọ́. Nígbà tó ṣe tán, obìnrin náà gbà á. Ó wo pupa náà. Ó wọ inú ilé, ó gbé àpò gàrí kan jáde, ó gbé e pọ̀n. Ó ṣẹ́ ibi tí pupa wà po, ó tì í sẹ́yìn sí abẹ́ ìdí àpò, ó wá fi apá tó yè so ó níwájú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó fò sókè, ó tún fò. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àpò gàrí kò mì.

Ó tú u, ó gbé ọmọ rẹ̀ rọra, ó pọ̀n ọ́n, ó sì gbà á ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Kò rẹ́rìn-ín sí télọ̀. Ó kàn ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti gbà á."

Télọ̀ dúró, ó ń wò ó. Ọ̀já kan náà ni. Ibi kan náà ló ti ya. Ọwọ́ kan náà ló rán an, ó tiẹ̀ rán èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé ẹni tó ń gbé ìwúwo lé e ti mọ̀.

Nígbà tó padà, wọn kò lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síta, sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó sì ké sí gbogbo ẹni tó bá ti ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí pupa pé kí wọ́n kó o wá. Wọ́n ń kó o wá. Àwọn mìíràn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn mìíràn bínú. Ọkùnrin kan tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi tòun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé àna òun kò mọ̀ pé àlòkù ni. Télọ̀ rán pupa sí i. Nígbà tí àwọn èèyàn rí i lójú ọ̀nà lójoojúmọ́, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ tó dára jù jẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ilé kòkó, àwọn tó ń gba ọ̀nà odò lọ sì ń ṣẹ́rí padà pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ìtàn náà parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá ku èmi àtìwọ.

O bi mí bóyá ó yẹ kí o sọ fún obìnrin tí o fẹ́ gbé níyàwó pé ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ nígbà kan. O ní o ti jáwọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ojú mi ló ṣe. O ní ohun tó ti san ti san, pé kí ni à ń hú u jáde sí. O bẹ̀rù pé bó bá gbọ́, kò ní fẹ́ ọ mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N kò ní purọ́ fún ọ. Àwọn kan ń bẹ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí pupa, wọ́n á gbé aṣọ padà sórí ìfikọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí o kò tíì rò ni èyí. Ìwọ kọ́ ló máa pinnu ibi tí wọn yóò so kókó sí. Òun ni. Òun ni yóò gbé ilé, ọmọ, àti ọjọ́ ogbó rẹ̀ lé ọ, bí kò bá sì mọ ibi tí o ti ya rí, ibẹ̀ gan-an ni yóò fà le jù, kì í ṣe nítorí ìkà, bí kò ṣe nítorí ìfẹ́.

Wo ọjọ́ ìgbéyàwó yín. Àwọn àgbà ilé wọn yóò gbé ọtí sílẹ̀. Wọn yóò ní kí ìyàwó bu ti ọkọ rẹ̀ fún un, kí gbogbo ayé lè rí i pé ó mọ iyì rẹ̀. Yóò wọ́ aṣọ rẹ̀ jọ, yóò kúnlẹ̀ tayọ̀tayọ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà sí ọ lẹ́nu, yóò sì máa wò ọ́ pé kí o mu ún.